Páìpù Irin, Àpótí Irin, àti Ìsopọ̀ Tí Ojú Kò Rí

Nígbà tí ìgbìmọ̀ olóòtú kọ̀wé sí wa pé kí a mú nǹkan wá, a mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ àlùfáà ni ìwàásù kúkúrú tàbí ìrántí ìgbà èwe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń jẹ wá lọ́kàn, ó sì kan owó tí gbogbo wa ń dá lọ́dún yìí láti tún ilé ibùsùn àwọn ọmọkùnrin ṣe. Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni. A fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń so páìpù irin tí wáyà ń gba inú rẹ̀ kọjá pọ̀ mọ́ àpótí irin tí súwìṣì àti fíùsì wà nínú rẹ̀, àti ìdí tí ìsopọ̀ kékeré náà fi lè gba ẹ̀mí là.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń bi wá pé kí ni àlùfáà mọ̀ nípa wáyà, ìdáhùn wa nìyí: kí a tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, ọdún méjì ni a fi kọ́ iṣẹ́ iná lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí kì í fi ojú fo nǹkan. Púpọ̀ nínú ohun tí a kọ́ ni a ti gbàgbé, ṣùgbọ́n èyí tí a fẹ́ sọ yìí kò ṣeé gbàgbé fún wa, nítorí pé a ti san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí a ti di àgbà.

Ohun tí ojú wa rí

Ní ìjọ kan tí a ti sìn rí, àpótí irin kan wà lára ògiri lẹ́yìn yàrá tí a ti ń wọ aṣọ ìsìn. Láti inú rẹ̀ ni a ti ń tan gbogbo iná inú ilé ìjọsìn. Ọjọ́ ti pẹ́ lórí àpótí náà, ó ti dógùn-ún. Nígbà tí ìkórè ń bọ̀, tí a sì ń kun ilé, àwa fúnra wa ni a pàṣẹ pé kí wọ́n tú àpótí náà sílẹ̀, kí wọ́n ha ìdógùn-ún rẹ̀ dànù, kí wọ́n sì fi ọ̀dà kùn ún tinú-tòde. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń dán, gbogbo ìjọ sì yìn wá.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, Bàbá tí ń tọ́jú ilé ìjọsìn lọ tan iná fún ìsìn alẹ́. Bí ó ti gbé ọwọ́ lé àpótí náà, iná gbé e, ọwọ́ rẹ̀ sì di mọ́ irin. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ni ó ní làákàyè tó láti má fi ọwọ́ kàn án. Ó sáré lọ pa súwìṣì àgbà tí ó wà nídìí mítà. Bàbá kò kú, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n méjì nínú ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ká mọ́ títí a fi kúrò ní ìjọ náà, ojoojúmọ́ ni ó sì ń fi ọwọ́ náà bọ̀ wá lọ́wọ́.

Nígbà tí a pe oníṣẹ́ iná tí ó gbọ́n wá, ó ṣí àpótí náà níṣojú wa. Ìdérí rẹ̀ ti tẹ wáyà pupa kan, ó ti gé rọ́bà ara rẹ̀, bàbà inú wáyà sì ti fi ara kan àpótí. Èyí lè ṣẹlẹ̀ níbikíbi. Ohun tí ó burú jù ni pé kò sí fíùsì kan tí ó jó. Páìpù irin tí ó wọ inú àpótí náà dára, a sì ti so ó mọ́ ilẹ̀ dáradára ní òpin rẹ̀ kejì. Ṣùgbọ́n láàrin páìpù àti àpótí, níbi tí nọ́ọ̀tì ti yẹ kí ó fi irin tẹ irin, ọ̀dà tuntun wa ni ó wà níbẹ̀. Àpótí náà dá wà bí ọmọ òrukàn. Ọ̀dà tí a fi ṣe é lẹ́ṣọ̀ọ́ ni ó gé e kúrò lára ẹbí rẹ̀.

Bí iná ṣe ń lọ tí ó sì ń bọ̀

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé wa, a ní láti mọ̀ pé iná mànàmáná kò dà bí omi tí ń tú jáde lẹ́nu ẹ̀rọ tí ó sì parí síbẹ̀. Dandan ni kí ó padà sí ibi tí ó ti wá. Ó ń jáde láti inú transfọ́mà tàbí jẹnẹrétọ̀, ó ń gba wáyà kan dé inú gílóòbù tàbí fáànù, nígbà tí ó bá sì ṣiṣẹ́ tán níbẹ̀, ó ń gba wáyà kejì padà. Nínú àwọn ilé àtijọ́, wáyà pupa ni ó ń bá lọ, wáyà dúdú ni ó ń bá bọ̀. Nínú ilé ìsinsìnyí, búráùn ni ti àlọ, búlúù ni ti àbọ̀. Bí ọ̀nà náà bá já níbì kan, iná kò ní lọ rárá.

Níbi transfọ́mà, a ti so wáyà àbọ̀ náà mọ́ ilẹ̀. Nítorí náà, ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ pàápàá ti di ọ̀nà tí iná lè gbà padà. Ẹyẹ tí ó bà lé wáyà ìgboro kì í kú, nítorí pé orí wáyà kan ṣoṣo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà. Kò kan ilẹ̀, kò sì kan wáyà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró lórí sìmẹ́ǹtì tútù, tí ó sì fi ọwọ́ kan irin tí iná wà lára rẹ̀, ti sọ ara rẹ̀ di afárá tí iná yóò gbà kọjá. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Iná mọ òwe yìí jù wá lọ: gbogbo ọ̀nà tí ó bá ṣí sílẹ̀ ni ó ń gbà, èyí tí ó bá sì rọrùn jù ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gbà.

Olùṣọ́ tí ó lè di ọ̀tá

A fi wáyà sínú páìpù irin kí ìṣó má baà gún un, kí eku má baà jẹ ẹ́, kí ọwọ́ àwọn ọmọ má sì tó o. A fi súwìṣì àti fíùsì sínú àpótí irin fún ìdí kan náà. Ìwọ tí o gbé ilé ibùsùn àtijọ́ nígbà tiwa yóò rántí páìpù aláwọ̀ eérú tí ó gba ara ògiri kọjá lókè bẹ́ẹ̀dì wa. Àwa a máa sá aṣọ ìnura tútù lé e lórí. Bí a bá rántí rẹ̀ lónìí, a máa ń gbọ̀n.

Irin tí ń ṣọ́ wáyà yìí, iná ń gba inú rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́. Ọjọ́ tí rọ́bà ara wáyà bá bó, tí bàbà sì fi ara kan irin, olùṣọ́ náà ti di ọ̀tá, àwọ̀ rẹ̀ kò sì yí padà, kò ké, kò rùn. Ohun kan ṣoṣo tí ó lè gbà wá ni pé kí gbogbo irin náà, láti orí páìpù dé orí àpótí, kí ó jẹ́ ara kan, kí a sì so ara kan náà mọ́ wáyà aláwọ̀ ewé tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Nígbà náà, bí iná bá ta sí irin, yóò rí ọ̀nà gbọọrọ padà sílé. Yóò sáré gbà á pẹ̀lú agbára ńlá, fíùsì yóò sì jó lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá wá tan iná yóò bá òkùnkùn pàdé, kò ní bá ikú pàdé.

Ìṣirò olùkọ́ kan

Àwọn tí wọ́n kọ́ físíìsì yóò rántí òfin Ohm. Georg Ohm, ará Jámánì, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ bí àwọn olùkọ́ wa ni ó jẹ́ ní ìlú Cologne, ní ọdún 1827 ni ó sì tẹ ìwé tí òfin náà wà nínú rẹ̀ jáde. Òfin náà kò le: bí a bá fi ìdènà tí ó wà lójú ọ̀nà pín agbára tí ń ti iná, a ó mọ iye iná tí yóò ṣàn.

Agbára iná ilé wa ní Nàìjíríà jẹ́ 230 volt. Bí irin bá so pọ̀ dáradára, tí ìdènà gbogbo ọ̀nà náà láti transfọ́mà lọ àti padà kò ju ìdajì ohm kan lọ, iná tí yóò ṣàn jẹ́ 460 amp. Fíùsì 30 amp kò lè dúró níwájú rẹ̀.

Ẹ wá wo àpótí tí ó dá wà. Kò sí ọ̀nà fún iná, nítorí náà kò ṣàn. Ó kàn dúró sára irin, ó ń dúró de ẹni tí yóò kọjá. Bí ara ènìyàn bá tutù, ìdènà rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí 1,000 ohm. 230 volt yóò ti 0.23 amp gba inú ara bẹ́ẹ̀ kọjá. Gílóòbù 60 watt ń gba nǹkan bí 0.26 amp. Èyí ni pé iná tí ó tó pa ènìyàn kò tó èyí tí gílóòbù kan ń lò, fíùsì 30 amp kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. A ṣe fíùsì láti dáàbò bo wáyà kí ó má baà gbiná. Bí a kò bá fún un ní ọ̀nà tí iná púpọ̀ lè gbà, kò lè dáàbò bo ọmọ wa.

Ọ̀pá inú ilẹ̀ nìkan kò tó

Ọ̀pọ̀ ni ó gbàgbọ́ pé bí a bá ti ri ọ̀pá bàbà mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, tí a sì so wáyà mọ́ ọn, iṣẹ́ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ kò gba iná kọjá bí bàbà. Bí ìdènà ọ̀pá náà bá jẹ́ 20 ohm, tí kò sì sí ọ̀nà mìíràn, 11.5 amp péré ni yóò ṣàn, fíùsì 30 amp yóò máa wò ó níran. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí ilẹ̀ bá gbẹ, ìdènà náà tún ń pọ̀ sí i.

Níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ní transfọ́mà tàbí jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ nínú ọgbà, a ní láti fa wáyà ẹ́ẹ̀tì padà dé ibẹ̀, kí iná má ṣe gbára lé yẹ̀pẹ̀ nìkan. Níbi tí ó bá jẹ́ ọ̀pá nìkan ni ilé gbára lé, bí ó ti rí nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, a ní láti fi súwìṣì tí ń ṣọ́ iná tí ń jò kún un, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní RCD. Èyí tí a ń lò fún ààbò ènìyàn kì í jẹ́ kí ìjò iná kọjá 0.03 amp kí ó tó já a. Síbẹ̀, ẹ má ṣe rò pé RCD ti sọ ìsopọ̀ di ohun tí a lè fi sílẹ̀. Bí àpótí bá so mọ́ ẹ́ẹ̀tì, ní kété tí iná bá ta sí i ni RCD yóò já. Bí kò bá so, RCD yóò dúró títí ọmọ ẹnìkan yóò fi fi ọwọ́ kàn án. Ara ọmọ náà ni a fi ń dán an wò nìyẹn.

Bí a ṣe ń so ó

Ọ̀gá wa a máa sọ fún wa pé ibi tí páìpù bá ti pàdé àpótí ni kí a ti wo oníṣẹ́. Ohun tí ó kọ́ wa nìyí, àwọn oníṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ sì ń ṣe é títí di òní.

Èkíní, bí a bá ti gé páìpù, a ó fi fáìlì dán ẹnu rẹ̀ nínú, kí etí mímú má baà gé rọ́bà ara wáyà nígbà tí a bá ń fà á.

Èkejì, a ó ha ọ̀dà yí ihò àpótí náà ká, nínú àti lóde, títí irin yóò fi máa dán. Ọ̀dà kì í jẹ́ kí iná kọjá. Lẹ́yìn tí a bá ti so ó tán, a lè kun òde padà kí ó má baà dógùn-ún.

Ẹ̀kẹta, a ó fi nọ́ọ̀tì àti búùṣì bàbà dè é dáadáa, kì í ṣe ní ọwọ́ lásán. Nọ́ọ̀tì tí ó bá ṣeé fi ìka tú lónìí yóò tú fúnra rẹ̀ lọ́la.

Ẹ̀kẹrin, a kò gbọdọ̀ fi nọ́ọ̀tì nìkan ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé níbi tí ihò bá ti tóbi ju páìpù lọ, tàbí tí ìdógùn-ún ti wà, tàbí tí òjò ti ń pa á. Níbẹ̀, a ó fi ìdè mú wáyà aláwọ̀ ewé mọ́ páìpù, a ó sì so orí rẹ̀ kejì mọ́ ojú ẹ́ẹ̀tì inú àpótí. Bákan náà, bí àpótí onírọ́bà bá wà láàrin páìpù irin méjì, okùn ti já níbẹ̀. Wáyà ni yóò so páìpù méjèèjì padà.

Ẹ̀karùn-ún, ilẹ̀kùn àpótí tí ń ṣí tí ń tì, a ó fún un ní wáyà tirẹ̀, nítorí pé àgbékọ́ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà tí a lè fọkàn tán. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó wà nínú àpótí irin náà ní láti ní wáyà kúkúrú láti ojú ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé ara àpótí.

Ní òde òní, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ tún ń fa wáyà ẹ́ẹ̀tì gba inú páìpù irin kọjá, ó sì dára. Ṣùgbọ́n èyí kò gba páìpù náà lọ́wọ́ dídè, torí pé irin ni síbẹ̀. Níbi tí a bá ti lo páìpù onírọ́bà, bí ó ti wọ́pọ̀ nísinsìnyí, páìpù kò nílò ìsopọ̀. Ṣùgbọ́n kò lè gbé ẹ́ẹ̀tì fún wa, nítorí náà ó di dandan kí wáyà ẹ́ẹ̀tì gba inú rẹ̀ dé gbogbo àpótí irin.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé ó dára

Ojú nìkan kò tó láti fi ṣe ìdájọ́, nítorí pé àpótí ìjọ wa dára lójú. Nígbà tí a bá ti pa iná gbogbo ilé, oníṣẹ́ yóò fi mítà rẹ̀ wọn ìdènà láti ojú ẹ́ẹ̀tì àgbà dé ara àpótí tí ó jìnnà jù, yóò sì wọn ti ìyókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ilé bí èyí tí a ń tún ṣe yìí, kò yẹ kí èyíkéyìí nínú wọn tó ohm kan. Èyí tí ó bá fi nọ́ḿbà ńlá hàn ti dá wà. Kí ó tú u, kí ó tún un dè. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní NEMSA ni iṣẹ́ àyẹ̀wò irú ẹ̀rọ iná bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì burú kí ilé-ẹ̀kọ́ béèrè ìwé ẹ̀rí.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yìí dé ilé yín pẹ̀lú. Bí fíríìjì, áyọ́ọ̀nù, tàbí àpótí tí ẹ fi ń yí iná sí jẹnẹrétọ̀ bá ń ta yín lọ́wọ́ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, ẹ má ṣe sọ pé bí ó ti máa ń ṣe nìyẹn. Ìkìlọ̀ ni. Ẹ pa iná rẹ̀ láti ìdí súwìṣì àgbà, kí ẹ sì pe oníṣẹ́. Ẹsẹ̀ kẹta tí ó gùn jù lẹ́nu púlọ́ọ̀gì yín, ti ẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ má ṣe gé e kúrò kí ó lè wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò méjì. Bí iná bá sì mú ẹnìkan, ẹ má ṣe dì í mú. Ẹ kọ́kọ́ pa iná.

Ohun tí a ń béèrè

A ti rí ìwé ìdíyelé àkọ́kọ́ fún àtúnṣe ilé ibùsùn náà. Ọ̀dà gba ìlà mẹ́ta nínú rẹ̀. Òrùlé abẹ́ gba ìlà méjì. Wáyà, fáànù àti gílóòbù wà níbẹ̀. A wá ẹ́ẹ̀tì títí, a kò rí i. A wá àyẹ̀wò, a kò rí i. A kò rò pé ẹni tí ó kọ ìwé náà ní ète búburú. Ohun tí a lè ya fọ́tò rẹ̀ ni gbogbo wa fẹ́ràn láti sanwó fún, àwa náà sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, Bàbá ni ó san gbèsè rẹ̀.

Nítorí náà, a ń bẹ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n fọwọ́ sí nǹkan mẹ́ta kí a tó san owó àkọ́kọ́: kí ìsopọ̀ gbogbo páìpù àti àpótí irin ní ìlà tirẹ̀ nínú ìwé ìdíyelé, kí a wọn gbogbo rẹ̀ kí ọlọ́dà tó wọlé, kí a tún wọn ọ́n lẹ́yìn tí ó bá jáde, kí a sì kọ nọ́ḿbà tí mítà fi hàn sílẹ̀ fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ láti fi pamọ́, kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè fi wé tiwọn. Bí owó kò bá tó, ẹ jẹ́ kí ọ̀dà dúró di ọdún tí ń bọ̀. Ọmọ kan kò tíì kú nítorí pé ògiri kò dán.

Nínú ìwé Deuteronomi, òfin wà fún ẹni tí ó bá kọ́ ilé tuntun pé kí ó mọ ògiri kékeré yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà ti ibẹ̀ ṣubú, kí ẹ̀jẹ̀ má sì wà lọ́rùn onílé. Àwa kì í sábà gun òrùlé mọ́, ṣùgbọ́n òfin náà kò tíì kúrò lórí wa. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn ọmọ tí yóò sùn nínú ilé náà ní sáà tí ń bọ̀ yóò sá aṣọ tútù wọn sí ibi tí kò yẹ, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ṣe. Ẹ jẹ́ kí irin tí wọn yóò fi ọwọ́ kàn jẹ́ irin tí a ti dè.